Kámẹ́rà Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì: Ohun Tí Mo Rí Nínú Fíìmù "Amazing Grace"

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti fẹ́ẹ́ di ìjà láàárín wa. Àwọn akọrin ń múra fún kọ́ńsáàtì ìdúpẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe lópin ọdún, àwọn kan sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé fóònù sókè rárá lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ní, bí a ò bá ya fọ́tò, ta ló máa mọ̀ pé a kọrin? Àwọn àgbà ní, bí gbogbo wa bá ń ya fọ́tò, ta ló máa gbọ́ orin? Apá méjèèjì ló ti wá bá mi nílé. Dípò kí n dájọ́, mo lọ tún fíìmù kan wò tí mo ti wò rí, torí pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti yà á, orin ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, kámẹ́rà sì kún ibẹ̀ bí eṣú. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

"Amazing Grace" lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, lálẹ́ ọjọ́ 13 àti ọjọ́ 14, Aretha Franklin kọ orin ẹ̀mí ní New Temple Missionary Baptist Church ní Los Angeles, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Watts. Gbogbo Amẹ́ríkà ló mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, orin ayé ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n ọmọ pásítọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, C. L. Franklin, ní Detroit ló ti kọ́kọ́ ya ẹnu kọrin. Ó fẹ́ ṣe àwo orin ẹ̀mí, kò sì fẹ́ ṣe é ní sítúdíò. Ó fẹ́ kí ìjọ wà níwájú òun kí wọ́n máa dá òun lóhùn. James Cleveland, tí òun náà jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ló ń darí ètò, òun ló sì ń tẹ dùùrù. Southern California Community Choir ló ń ṣe ègbè. Àwo náà jáde ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó sì tà ju mílíọ̀nù méjì lọ ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Warner Bros. ti rán Sydney Pollack pẹ̀lú àwọn oníkámẹ́rà wá síbẹ̀ láti ya gbogbo rẹ̀. Àwo jáde, fíìmù ò jáde. Oṣù Kọkànlá ọdún 2018 ni wọ́n tó fi han aráyé. Ẹ ṣírò ọdún yẹn fúnra yín.

Ibi tí wọ́n wà kò tóbi. Ilé sinimá ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ya àwòrán Jésù nínú odò sára ògiri lẹ́yìn àwọn akọrin, irú èyí tí ẹ lè rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí náà. Ẹ óò rí àwọn oníkámẹ́rà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń yọ́ kọjá níwájú èèyàn. Ẹ óò rí Pollack fúnra rẹ̀ tó ń nawọ́ síbí, tó ń nawọ́ sọ́hùn-ún, bí agbèrò ní gáréèjì. Nígbà mìíràn àwòrán á ṣú, á tún mọ́. Kámẹ́rà á máa wá ojú olórin kiri kó tó rí i. Àwọn tó to fíìmù náà pọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ì bá ti gé gbogbo ìyẹn dànù. Wọn ò gé e, mo sì rò pé ọ̀kan nínú ohun tó dáa jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ọ̀pọ̀ fíìmù orin ló máa ń ṣe bíi pé kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, àfi bíi pé ojú òrùlé ni wọ́n ti ń wo olórin. Irọ́ ni. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wọ ibi orin ti di ọ̀kan lára àwọn tó wà níbẹ̀. Ó gba àyè. Ó dí ẹlòmíì lójú. Ooru ń mú òun náà. Fíìmù yìí ò fi ìyẹn pa mọ́.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú Aretha sì ni fíìmù yìí dá lé. Yàtọ̀ sí orin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Cleveland ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń dápàárá, òun ló ń sọ fún ìjọ pé wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ o, kí wọ́n dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn nílé Ọlọ́run. Aretha á kàn rìn wọlé, á dúró tàbí á jókòó, á di ojú, orin á bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà sún mọ́ ọn débi pé ẹ lè ka ẹ̀kán òógùn lójú rẹ̀, torí iná tí wọ́n tàn sí i kì í ṣe kékeré. Ká ní tiwa ni, a ó ti sáré wá pọ́dà.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó wà nídìí dùùrù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin, òógùn ń dà lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dìde níbi tó jókòó sí níwájú, ó mú aṣọ ìnujú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú ọmọ rẹ̀. Orin ò dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí dùùrù. Ẹni ọdún 29 ni, òkìkí rẹ̀ ti kọjá òkun, ṣùgbọ́n níṣẹ́jú yẹn ọmọ bàbá rẹ̀ ni, wọ́n ń nu ojú rẹ̀ ní gbangba bí wọ́n ṣe ń nu ojú ọmọdé tó ń jẹ mọ́ńgòrò. Kò sẹ́ni tó lè ṣètò irú nǹkan báyìí. Oníkámẹ́rà tó jẹ́ pé àwòrán ẹlẹ́wà nìkan ló ń wá ì bá ti máa jẹ bàbá lójú pé kó kúrò níwájú òun. Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn dúró, ó sì jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibi yẹn nìkan ló kù nínú gbogbo fíìmù náà, n óò ṣì ní kí ẹ lọ wò ó.

Ibi kejì tí mi ò lè gbàgbé ni ti Cleveland. Wọ́n ń kọ orin tí wọ́n fi sọ fíìmù náà lórúkọ. Ó kúrò nídìí dùùrù, ó lọ jókòó, ó fi aṣọ bojú, ó ń sunkún. Ọkùnrin tó ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín láti àárọ̀ ọjọ́! (Mo mọ̀ pé alẹ́ ni, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe wá sẹ́nu.) Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn akọrin wà nínú aṣọ dúdú àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ aláìlápá tó ń dán bíi fàdákà, Alexander Hamilton ń darí wọn bí ẹni tí ara rẹ̀ ò gba ìjókòó. Ẹ wo ojú àwọn akọrin wọ̀nyẹn dáadáa. Àwọn náà ń gbọ́ orin ni. Wọn ò mọ ibi tí ohùn rẹ̀ fẹ́ gbà lọ, bó bá sì ti gbabẹ̀, ẹ óò rí i tí ọ̀kan á dìde, tí èkejì á dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó gbé kámẹ́rà: ẹni tí orin ń mú, tí ojú rẹ̀ kò sì fọ́.

Ẹ wá fi wé fídíò òde tiwa. Onífídíò á tan iná gbòòrò, á dojú rẹ̀ kọ ẹni tó ń náwó. Ibi tí owó bá ń lọ ni kámẹ́rà ń bá a lọ. Bí ẹ bá gbé fídíò ọ̀hún délé, ẹ óò rí ọwọ́, ẹ óò rí bébà owó, ẹ óò rí ẹ̀yìn orí olówó. Ẹ ò ní rí onílù. Lálẹ́ kejì tí mò ń sọ yẹn, Mick Jagger àti Charlie Watts, àwọn olórin Rolling Stones láti Ìlú Ọba, wà lẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn èèyàn. Kámẹ́rà rí wọn, ó wò wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì padà síbi orin. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: bí gómìnà bá wọlé sí kọ́ńsáàtì tiwa níbí ní Kaduna, fóònù mélòó ló máa ṣẹ́ kù tó dojú kọ akọrin?

Lórí ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, torí pé mo rí i tí ẹ ń ṣe é lọ́dọọdún. Iná tó ń ṣẹ́ wàì lára fóònù yín kì í rìn jìnnà, kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá jókòó sẹ́yìn tí ẹ tan án, gèlè ìyá tó wà níwájú yín nìkan ló máa mọ́ yòò nínú fọ́tò. Àwọn akọrin á dúdú bí ẹni tó dúró sínú iyàrá tí iná ti lọ. Ẹ pa á. Nínú òkùnkùn, kámẹ́rà máa ń la ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé tó, ohun tó bá mì lásìkò yẹn á di kúruku. Nítorí náà, ẹ dúró de ìgbà tí olórin bá fa ohùn gùn tí ó sì dúró jẹ́ẹ́, nígbà náà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Níbi kọ́ńsáàtì ńláńlá nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sábà máa ń gba àwọn ayàwòrán láàyè níwájú fún orin mẹ́ta àkọ́kọ́ péré, láìtan iná, lẹ́yìn náà kí wọ́n jáde. Mo lóye ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò bá ti ṣọ́ọ̀ṣì mu. Ní orin mẹ́ta àkọ́kọ́, ara ò tí ì yá ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fi òfin yẹn de àwọn oníkámẹ́rà Pollack, kò ní sí ẹkún Cleveland, kò ní sí aṣọ ìnujú bàbá.

Kí ló wá dé tí fíìmù fi sùn fún ọdún 46? Nǹkan kékeré ni. Kámẹ́rà fíìmù tí wọ́n lò kò gba ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń gba ohùn lọ́tọ̀. Kí méjèèjì lè bá ara wọn mu, ẹnì kan máa ń gbé pátákó kékeré síwájú kámẹ́rà, á pa á pọ̀, á dún "pà!" Níbi tí pátákó ti pàdé nínú àwòrán àti ibi tí "pà" ti dún nínú ohùn, ibẹ̀ ni wọ́n máa so pọ̀. Pollack kò ṣe é. Fíìmù eléré ló mọ̀ ọ́n ṣe, níbi tí gbogbo nǹkan ti wà létòlétò. Níbí, kámẹ́rà tó pọ̀ ni, tí kálukú ń tan tirẹ̀, tó ń pa tirẹ̀; rọ́ọ̀lù fíìmù kan kì í sì í ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ kó tó tán, tí wọ́n á fi òmíràn sí i láàárín orin. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí 20 àwòrán tí kò ní ohùn, wọ́n sì ní ohùn tí kò mọ àwòrán rẹ̀. Ẹnu ń ṣí, ẹnu ń pa dé, ta ló mọ orin tí ó ń kọ? Wọ́n gbìyànjú títí, ó sú wọn, wọ́n kó o sí àjà. Ọdún 2007 ni Alan Elliott rà á lọ́wọ́ wọn, kọ̀ǹpútà ló sì bá wọn so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Pollack kú ní ọdún 2008. Kò rí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín sí Pollack, ọ̀gá ńlá tó gbàgbé pátákó. Ẹ rọra o. Àwọn tiwa tó ń gba ohùn lára ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń fi fóònù ya fídíò lọ́tọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ó parí.

Àmọ́ pátákó nìkan kọ́ ló dá a dúró, ibi tó le jù nìyí. Nígbà tí Elliott ti ń parí fíìmù náà, Aretha fúnra rẹ̀ ló lọ sílé ẹjọ́. Ó pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 2011. Ní ọdún 2015, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ní Telluride ní ìpínlẹ̀ Colorado, adájọ́ dá wọn dúró. Ohun tó ń sọ ni pé wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àwọn ẹbí rẹ̀ gbà, kí ọdún yẹn tó parí fíìmù ti jáde.

Nítorí náà, ohun tí ẹ fẹ́ wò yìí, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fi í hàn nígbà tó wà láàyè. Mi ò lè fi ìyẹn pa mọ́ fún yín kí n sì máa yin fíìmù. Àwọn kan á ní, ṣé kò rí kámẹ́rà lálẹ́ yẹn ni? Ó rí i. Ó gbà kí wọ́n yà á. Ṣùgbọ́n kí èèyàn gbà kí wọ́n ya òun yàtọ̀ sí kó gbà kí wọ́n gbé òun jáde, ibi tí gbogbo wa sì ti ń ṣìnà nìyẹn. Àwọn onífọ́tò òde wa ti fi kọ́ wa: ẹ ò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, wọ́n á yà yín níbi tí ẹ ti ń jẹ iyán, kí ẹ tó dé ẹnu géètì wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti tẹ́ ojú yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún títà. A máa ń rẹ́rìn-ín, a máa ń ná an. Ti Facebook kò ṣeé ná.

Arábìnrin kan wà láàárín wa. Ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ́, mo sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Níbi kọ́ńsáàtì kan, orin wọ̀ ọ́ lára, ó kúnlẹ̀, ó sunkún gan-an, torí oyún tó bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, tí òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan mọ̀. Ẹnì kan yà á. Kò ní èrò ibi, ó ní ó jọ òun lójú ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn fọ́tò náà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ̀ sì ti pè é: "Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́?" Bó ṣe di dandan fún un láti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù nìyẹn, lọ́jọ́ tí òun kò yàn, lọ́nà tí òun kò yàn. Ó pẹ́ kó tó padà sáàárín àwọn akọrin.

Ẹ lè bi mí pé kí ló wá mú ẹkún Cleveland yàtọ̀ sí tirẹ̀. Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Cleveland mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀, òun gan-an ló sọ fún ìjọ. Nǹkan kejì ni pé fíìmù náà fún wa ní orin pẹ̀lú ẹkún. A ti wà níbẹ̀ látìgbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀, a mọ ibi tí ẹkún ti wá, àwa náà ti fẹ́ẹ́ sunkún kó tó sun ún. Fọ́tò arábìnrin wa gé orin kúrò, ó fi ẹkún nìkan sílẹ̀. Ẹni tó rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́ ohùn kankan. Bí kámẹ́rà bá máa mú nǹkan kúrò níbi orin, kó mú ohun tó lè dá dúró láìsí orin, tàbí kó mú orin náà dání.

Ẹ̀bi kan ṣì wà tí mo rí sí fíìmù náà. Ìjọ ibẹ̀ ń dáhùn, ń pariwo, ń jó, ṣùgbọ́n a kì í pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan nínú wọn tó láti mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá tó wà lọ́wọ́ iwájú, mo fẹ́ wò wọ́n sí i. Kámẹ́rà á dé ọ̀dọ̀ wọn, á tún sá padà. Bóyá rọ́ọ̀lù ń tán lọ ni.

Mo ti wá mọ ohun tí n óò sọ níwájú ìgbìmọ̀ wàyí. Mi ò fara mọ́ ọn pé kí a lé kámẹ́rà jáde. Ká ní wọ́n lé e ní 1972, kí ni mi ò bá máa sọ fún yín báyìí? Ẹni méjì ni kí a yàn, kí wọ́n jẹ́ ẹni tó mọ orin wa, tó mọ ibi tí ègbè ti ń wọlé. Kí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kí wọ́n má tan iná. Kí àwọn yòókù fi fóònù sápò. Kí ìgbìmọ̀ sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà pé kámẹ́rà wà nínú ilé, bí Cleveland ṣe sọ ọ́. Kí fọ́tò kankan má sì jáde kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó rí i. Òfin orílẹ̀-èdè wa, Copyright Act ti ọdún 2022, pàápàá fún olórin lẹ́tọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń gba eré rẹ̀ sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ máa ní èyí ti pọ̀ jù. Ẹ wá sọ ọ́ níbi ìpàdé.

Kí ìpàdé tó dé, a ó jọ wo fíìmù náà ní gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́, lẹ́yìn ìsìn àṣálẹ́ Sunday tó ń bọ̀. Kò gùn, bíi wákàtí kan àbọ̀ ni. Ẹ gbé àga dání o, àga tó wà níbẹ̀ ò tó.